Ẹní Tí Wọ́n Tẹ́ Sórí Ihò

Orí àwòrán kẹfà ni ọ̀gá tó ń rí sí títì ní ọ́fíìsì ìjọba ti bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ dákun, èwo lọ̀nà burúkú níbí? Ojú títì yín mọ́ ju pálọ̀ mi lọ."

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Kalipa ò lè rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ń wo àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà, ara rẹ̀ sì ń tutù, torí òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Gọ́tà mọ́ tónítóní. Níbi tí ihò ìdọ̀tí ti lanu sílẹ̀ láàárín ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ tí àwọn olè ti jí ìdérí irin rẹ̀ lọ tà, pákó ló wà níbẹ̀, ẹní onírun àgùntàn aláràbarà sì wà lórí pákó. Ẹní ìgbéyàwó Kalipa ni.

Kì í ṣe pé ọmọbìnrin tó mú kámẹ́rà wá sí àdúgbò wọn ní ẹ̀yìn ìlú Bishkek ò ṣàlàyé. Ó ní kí wọ́n ya ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n lè bá wọn tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ pé àwọn ará ìjọba ni yóò wo àwòrán, ojú ti gbogbo wọn. Ta ló ń fi ilé ẹlẹ́gbin han àlejò? Àwọn obìnrin gbé ìgbálẹ̀ jáde láàárọ̀ kùtùkùtù bí ẹni pé àna ń bọ̀. Toktosun aládùúgbò wọn gbé pákó wá. Kalipa náà lọ ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ, inú rẹ̀ dùn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nítorí Zuurakan, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ṣe gba kámẹ́rà. Àtọ̀gbẹ ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ẹsẹ̀ ìyá náà dáadáa mọ́. Dókítà ní tí kò bá ń rìn lójoojúmọ́, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì jáde nílé wọn, ihò yẹn ló dí i. Láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀, ojú fèrèsé ni Zuurakan ń jókòó sí.

"Ọ̀gá, a gbá a ni," ni Kalipa wí. "Ihò wà lábẹ́ ẹní yẹn."

"Ohun tí mo bá rí ni mo lè kọ, Màmá. Àwọn ará àdúgbò kejì ya ihò tiwọn." Ó pa fáìlì dé. "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Bí Kalipa ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó rí èrò lẹ́bàá ihò náà, ó sáré lọ. Ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ló ti ká ẹní rẹ̀ lọ sílé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé pákó kúrò. Omi yìnyín ti rin ín gbingbin. Zuurakan rí i láti ojú fèrèsé pé wọ́n ti dí ihò náà, ó sì jáde láti rìn. Pákó ṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Wọ́n ti fà á jáde. Ó jókòó sílẹ̀, ìdíkù ti bọ́ lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ bo ojú rẹ̀. Toktosun ń fi kóòtù bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá má baà rí i.

Kalipa kúnlẹ̀, ó fa áńkáṣíìfù yọ. Zuurakan di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé wọ́n gbà?"

"Wọn ò gbà, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ọ̀nà wa mọ́."

"Kámẹ́rà dà?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ nu ojú yín."

"Má nù ún, ìyàwó. Toktosun, gbé kóòtù ẹ kúrò."

"Háà, Màmá! Ojú ọ̀nà nìyí o!"

"Mo ní kó o gbé e."

Kalipa fa kámẹ́rà yọ, ó gbé e sójú. Ó rí pákó tó ṣẹ́, ó rí ihò, ó rí ẹsẹ̀ tó ti yí síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Ìgbà náà ló wá rí ẹsẹ̀ kejì, èyí tí kò wọ inú ihò. Bàtà rẹ̀ ń dán gbinrin. Zuurakan ti fi pólíìṣì kùn ún kó tó jáde nílé.