Ìyá Àgbà Tó Wá Kọ́ Haoran ní Gẹ̀ẹ́sì

Tí wọ́n bá ń wá ẹni tí kò lè pa àṣírí mọ́ ní gbogbo Falconridge, àdúgbò wa, kí wọ́n má wulẹ̀ wá a jìnnà, ilé wa ni kí wọ́n wá. Èmi Akeem ni. Nígbà tí mo wà ní Mushin, tí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ sí mi létí nídìí omi ẹ̀rọ, kí korobá ẹni tó sọ ọ́ tó kún, wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ náà jiyàn ní Ìkòròdú. Ìwé mi ò ju fọ́ọ̀mù tíríì lọ, torí náà kò sí ohun tó ń dúró lórí mi, ẹnu ni gbogbo ẹ̀ ń gbà jáde.

Sister Rodiyat, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òun ló mú mi wá sí Calgary ní Canada. Òun náà ló gba Haoran sínú basement wa, yàrá tó wà lábẹ́ ilé. Ọmọ China ni Haoran, ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní high school. Ọmọ náà gbọ́n débi pé tó bá ń ṣe math, kọ́ńpútà á máa yọjú wo iṣẹ́ rẹ̀ kó lè jí ìdáhùn kọ. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Yunifásítì tó fẹ́ wọ̀ ní àfi kó yege IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí wàhálà nínú kíkà, kò sí nínú kíkọ. Sísọ ni kò ṣeé ṣe. Tí olùdánwò bá ti jókòó síwájú rẹ̀ tó ní "Good morning," ẹnu ọmọ á tì pa bí ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ Kérésì. Ó ti ṣe é tì lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé tí ẹ̀ẹ̀kẹta bá tún bàjẹ́, kó di ẹrù rẹ̀, kó máa bọ̀ nílé.

Mo kọ́kọ́ yan ara mi ní olùkọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ yege ìdánwò gbọ́dọ̀ máa dọ̀bálẹ̀ fún ìwé ní àràárọ̀. Ọmọ ń ṣe é. Sister ló ká a mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó nà gbalaja sílẹ̀, ìwé IELTS jókòó lórí ìrọ̀rí níwájú rẹ̀ bí ọba. Ojú tí Sister fi wò mí lọ́jọ́ náà, ká ní igi ni mí, ǹ bá gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣàkíyèsí vent, ihò tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde nílẹ̀ kíṣìnì, pé ó máa ń gbé ohùn lọ tààrà sí basement. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dojú dé e, mo ń fi ohùn imú ṣe olùdánwò, mo ń ní kó ṣàpèjúwe ewúrẹ́ kan tó bú bàbá rẹ̀ rí. Á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á wá gbìyànjú. Kí ó tó sọ gbólóhùn kan parí, á há.

Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ pe Sister. Fóònù ló ń túmọ̀ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ, ó ń fi ohùn kan tí kò mọ ẹkún yàtọ̀ sí ẹ̀rín túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ìyá òun ti kú, ìyá àgbà tó tọ́ Haoran dàgbà ní abúlé nígbà tí òun àti ìyàwó òun ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá. Wọ́n ti sin ín. Ó wá ń bẹ̀ wá pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ títí á fi ṣe ìdánwò tán, torí tó bá gbọ́, ẹnu tó ń tì tẹ́lẹ̀ ò ní ṣí mọ́.

Ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa. Ta ni ò mọ̀ pé èèyàn kì í ṣàdédé túfọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi? Nígbà tí Bàbá wa kú, Sister ń múra ìdánwò nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ níbí. Gbogbo wa la pawọ́ pọ̀ purọ́ fún un láti Mushin. Bàbá ń sùn. Bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí. Fóònù Bàbá bọ́ sómi. Fóònù yẹn bọ́ sómi tó bẹ́ẹ̀ tó yẹ kó ti hu ìpẹ́. Ìgbà tó ṣe ìdánwò tán la tó ní kó wá ibì kan jókòó.

Torí náà Sister gbà fún bàbá Haoran. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Akeem, tí ọ̀rọ̀ yìí bá fi ẹnu ẹ jáde, ìta lo máa sùn."

Ìta Calgary ní January kì í ṣe ibi tí ẹlẹ́ran ara ń sùn. Òtútù yẹn, tí èèyàn bá pòṣé níbẹ̀, òṣé náà á dì gbagidi, á já lu èèyàn lẹ́sẹ̀. Mo pa ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì jókòó sí mi lẹ́nu bí iṣu gbígbóná, mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú.

Láìpẹ́ sígbà náà, Haoran gòkè wá jẹ oúnjẹ àárọ̀. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu nídìí vent mọ́, pé Nainai ti dé. Nainai ni wọ́n ń pe ìyá bàbá lédè wọn. Ó ní Nainai ló ń bi òun ní ìbéèrè báyìí.

Mo bi í bóyá orí fóònù ni. Ó ní rárá, orí àga ló ń jókòó sí. Mo ní ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé Nainai ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Ọmọ náà bu ẹyin sẹ́nu, ó ní bẹ́ẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti gbọ́ ọ báyìí. Ohun tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé gbogbo ohun tó sọ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, kò sì há níbì kankan. Ó ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ gooro.

Lọ́sàn-án Saturday, Sister wà níbi iṣẹ́. Èmi ń ṣan ìrẹsì ní kíṣìnì nígbà tí òórùn èèpo ọsàn tí wọ́n sá sórí iná gba inú vent wá. A ò ra ọsàn. Ohùn kan sì tẹ̀ lé òórùn náà, ohùn obìnrin àgbàlagbà, ó rọra ń bọ̀ bí ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ aṣọ. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Ó ní kí Haoran sọ̀rọ̀ nípa ilé tó ti dàgbà.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ àgbàlá, ó sọ̀rọ̀ igi eléso kan tí àwọn ẹyẹ máa ń bá wọn du èso rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ omi gbígbóná tí Nainai máa ń bù sínú báàfù láti fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó sùn. Èmi tí mo lè fi irọ́ mú ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀, mo gbàgbé ìrẹsì sínú omi. Ó sọ̀rọ̀ títí ohùn náà fi ní ó tó. Ó wá bi í pé kí ló dé tó fi ilé náà sílẹ̀.

Mo rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ vent kí n lè gbọ́ ohun tí Haoran máa sọ. Ohùn náà tún sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà mọ́, abẹ́ imú mi gan-an ló ti wá.

"Ẹni tó wà lókè yẹn, ṣé ó ti jẹun?"

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìta. Sọ́kísì ló wà lẹ́sẹ̀ mi, snow dé mi ní orúnkún, àwọn aládùúgbò wa ọmọ India yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Inú mọ́tò mi ni mo wọ̀, ibẹ̀ sì ni Sister bá mi nígbà tó dé.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo ní Sister, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àkúdàáyà ni. Ẹni tó kú tí ọkàn rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ èèyàn rẹ̀, ibi tí ìròyìn ò tíì dé ló máa ń lọ. Á máa jẹ, á máa mu, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé ó ti kú, ọjọ́ náà ló ń lọ, kì í padà mọ́. Mo rò pé Sister á bú mi, á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Kò bú mi. Ó jókòó sínú mọ́tò náà, ó ti ilẹ̀kùn, kò wo ojú mi.

Ó ní lásìkò tí òun ń múra ìdánwò tòun, òun rí Bàbá ní ibùdó train ní Marlborough. Ó wọ jálàbíà funfun, kò sí kóòtù lọ́rùn rẹ̀, snow ń bọ́, kò sì bọ́ lé e. Ó ní, "Rodiyat, o ti jẹun?" Òun ní òun ti jẹun. Irọ́ ni, ebi ń pa òun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá òun pàdé níbẹ̀ títí òun fi ṣe ìdánwò tán, tí àwa fi pe òun láti ilé pé kí òun wá ibì kan jókòó. Òun padà lọ sí ibùdó náà, òun dúró títí ìka òun fi kú. Kò wá mọ́.

"Ká ní mo mọ̀ ni," ó ní, "ǹ bá ti di etí mi."

Síbẹ̀ a ti ṣèlérí fún bàbá Haoran. A jọ fẹnu kò sí i pé tí ọmọ náà bá ti jáde nínú ìdánwò, èmi tí mo máa gbé e lọ ni kí n fara balẹ̀ sọ fún un, kí bàbá rẹ̀ wá pè é nírọ̀lẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo ti tan mọ́tò kó lè gbóná. Haoran ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó dúró tì í bí ẹni tó ń dúró de ẹni tí orúnkún ń dùn, ó wá rọra pa á dé. Ẹ̀yìn ni òun alára wọ̀. Mọ́tò mi yìí, tí ẹnikẹ́ni bá jókòó síwájú tí kò de bẹ́líìtì, á máa ké bí òròmọdìẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Haoran na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó fa bẹ́líìtì kọjá lórí àga òfìfo, ó dè é. Igbe dúró.

Mo wa mọ́tò gba Memorial Drive lọ sí downtown. Mo ń ka Ayatul Kursiyu lọ́kàn títí ó fi dàrú mọ́ àdúrà oúnjẹ. Níjòókòó ẹ̀yìn, ọmọ ń dáhùn àwọn ìbéèrè tí èmi ò gbọ́. Nígbà tí a dé, ó bọ́ sílẹ̀, ó wá síbi fèrèsé iwájú, ó sọ nǹkan lédè wọn, ó sì sọ fún mi pé Nainai ò ní bá òun wọlé, pé yóò dúró tì mí.

Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Òtútù tó wà níta lọ́jọ́ náà lè gé ìwo màlúù. Inú mọ́tò ni mo wà, èmi àti bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì náà ò sùn sórí àga o. Ó fẹ̀ sókè díẹ̀, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún fẹ̀, bí ohun tí wọ́n so mọ́ àyà ẹni tó ń mí.

Gbogbo òógùn ara mi dé ojú mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ, kí n sì bọ́. Màmá, ẹ ti kú. Ṣé ìyẹn náà ṣòro? Ẹnu mi ti là. Ahọ́n mi ti dìde. Mo wá rántí pé ọmọ wà lókè lọ́wọ́ olùdánwò, bóyá ìsinsìnyí gan-an ni wọ́n ń sọ fún un pé "Good morning." Tí ìyá yìí bá lọ níbí, tí ẹnu ọmọ bá tì lókè ńkọ́? Ẹnu mi sì ti là, ó di dandan kí nǹkan jáde. Irọ́ ni mo tú síta. Mo sọ fún un ní Yorùbá pé akàn kan wà ní Mushin tó ń gun ọ̀kadà. Mo ní ìyàwó akàn náà ló ń gba owó. Mo ní ọlọ́pàá mú wọn, wọ́n jẹ́rìí fún ara wọn, wọ́n bọ́. Mo pa irọ́ títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ, mi ò gbójú wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ìgbà tí mo wá wò, gíláàsì fèrèsé tèmi mọ́ kedere. Tọ̀hún ti kún fún ooru ẹnu, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń rẹ́rìn-ín sí i lára.

Haoran jáde, ó ń sáré lórí yìnyín. Ó wọ ẹ̀yìn mọ́tò, ó ní òun sọ̀rọ̀ títí olùdánwò fi ní kí òun dáwọ́ dúró. Inú mi dùn, ìbẹ̀rù sì dé, torí àsìkò ti tó. Mo ní kó jókòó dáadáa. Ó ti jókòó. Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà.

"Uncle Akeem," ó ní, "ẹ má sọ ọ́."

Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí Nainai ti dé, tí bàbá òun ò gbà kí òun rí i lórí fóònù mọ́, kí lòun ò ní mọ̀? Nainai sì ti kìlọ̀ fún òun, pé tí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ lójú Nainai, Nainai á lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó wọ yunifásítì rí nínú ilé wọn.

"Ẹ jẹ́ kó gbọ́ èsì ìdánwò ná."

Bí mo ṣe na ọwọ́ sí jíà ni fóònù dún látinú mọ́tò. Sister ni. Ohùn rẹ̀ kún gbogbo inú mọ́tò, ó ń bi mí ní Yorùbá bóyá mo ti sọ fún ọmọ náà. Mo ní mi ò tíì sọ. Mo ní ó bẹ̀ mí pé kí n dúró de èsì. Mo ń gbọ́ aago ẹ̀rọ àwọn aláìsàn lẹ́yìn rẹ̀ níbi iṣẹ́.

"Ṣé wọ́n wà nínú mọ́tò báyìí?"

Mo ní wọ́n wà níbí.

Ó tún ohùn rẹ̀ ṣe bí ẹni tó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o, Màmá. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ."

Bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́ mi fẹ̀ sókè, ó rọlẹ̀. Sister wá ní kí n bi Haoran bóyá Nainai máa ń jẹ ata, torí òun fẹ́ gba ọjà kọjá tí òun bá ṣíwọ́.