Ojú-Ìwé Kẹrin

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú, iṣẹ́ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe ètò kan tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á, kó sì tún un ṣe. Tèmi ni kí n fi ọ̀rọ̀ tí yóò yé olùbẹ̀rẹ̀ kọ ìtọ́sọ́nà rẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ mi dé. Fún oṣù méjì, n kò lè ṣí iṣẹ́ náà.

Ìyàwó rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè mí.

"Ọkọ mi kékeré, kọ̀ǹpútà mi ń wọ́ bí ìgbín. Ẹ jẹ́ ká fi ètò ẹ̀gbọ́n yín sí i."

Mo ní kó ṣe é fúnra rẹ̀, kí n máa wò ó. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí ó fi dé ojú-ìwé kẹrin lára àwọn tí ètò náà ń gbé sójú ẹ̀rọ. Ìka rẹ̀ ti fẹ́ kan bọ́tìnnì kí n tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ dúró! Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa pa rẹ́!"

"Títí kan fọ́tò ẹ̀gbọ́n yín?"

"Títí kan fọ́tò rẹ̀."

Ó tẹjú mọ́ mi. "'Tẹ̀síwájú' lẹ kọ síbẹ̀. Ṣé kí n máa fẹ̀yìn rìn ni?"

A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti rẹ àwa méjèèjì.

Mo pe Onígíláàsì, olórí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ta ló ti yan 'pa gbogbo rẹ̀ rẹ́' sílẹ̀ de àwọn èèyàn?"

"Gbogbo wa ni. Kọ̀ǹpútà òfìfo la fi ń dán an wò. Ta ló tún ń ka ojú-ìwé yẹn nínú wa?"

"Ẹ yí i padà."

"Ọ̀la la máa gbé ètò tuntun jáde, ẹni tó mọ ibẹ̀ sì ti lọ. Àfi tí ìwọ bá kọ ọ́, kí n wò ó."

Kò sí okun lára mi, àmọ́ mo ṣí ẹ̀rọ mi. Mo yọ ìdáhùn tí wọ́n yàn sílẹ̀ kúrò, mo sì kọ ọ́ pé: "Ṣé ohun kan wà nínú kọ̀ǹpútà yìí tí o kò fẹ́ kó sọnù? Bí kò bá dá ọ lójú, yan Bẹ́ẹ̀ ni, a ó sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

"Ó gùn ju ìwàásù lọ," ni Onígíláàsì wí. Síbẹ̀, ó gbà á wọlé sínú ètò náà.

Ìyàwó wa tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí fọ́tò kankan tó sọnù. Nígbà tó parí, ó ṣí yàrá iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń dá àwọn olùbẹ̀rẹ̀ lóhùn. Lẹ́tà mẹ́rìnlélógún ló ti dúró dè é lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Olùkọ́ àgbà kan ló kọ èyí tó pẹ́ jù. Ojú-ìwé kẹrin ló há sí, ẹ̀rù sì ń bà á.

Mo jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n mi, mo kọ̀wé sí i:

"Ẹ má bínú pé ó pẹ́, sà. Ẹ má tíì tẹ ohunkóhun. Kí lẹ rí lójú ẹ̀rọ?"