Òwú Pupa Lára Ẹja

Araba ti pààrọ̀ gèlè lẹ́ẹ̀mẹta kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá gbé e láàárọ̀ Sátidé. Kì í ṣe torí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń lọ. Ekuwa, ọ̀kan nínú wọn, ló ṣèlérí pé Baaba á yọjú lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ọmọbìnrin tí àbúrò Araba bí kó tó kú ni Baaba, Araba ló sì tọ́ ọ dàgbà. Àmọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kó ẹrù jáde, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, Araba ò sì mọ ohun tóun fi ṣe é.

"Ìyàwó ọ̀ṣìngín!" Mansa kígbe láti inú takisí. "Ṣé ọkọ lo ń lọ fẹ́ ni, àbí ìkòkò àtijọ́ la fẹ́ lọ wò?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ekuwa, ṣé ó ní òun ń bọ̀ lóòótọ́?"

"Ó ní o máa rí òun. Fọkàn balẹ̀."

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Oguaa, Mansa ń fi àwọn jagunjagun inú àwòrán ṣe yẹ̀yẹ́, pé irùngbọ̀n wọn pọ̀ ju ogun tí wọ́n jà lọ. Ẹnu ọ̀nà ni Araba ń wò ní tiẹ̀. Ìgbà tó dé iwájú ìkòkò amọ̀ kan ló tó dúró.

"Irú èyí ni mo fi ń sebẹ̀ nígbà tí Baaba wà ní kékeré. Ẹ rántí ọdún tí àwọn apẹja ń ti òkun bọ̀ lọ́wọ́ òfo? Àwọn àbúrò ọkọ mi kún ilé, ọ̀jẹun gbogbo! Kí n tó yíjú, wọ́n ti kó ẹja inú ọbẹ̀ tán. Ni mo bá ń fi òwú pupa ìránṣọ mi so èyí tó tóbi jù. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kan olówùú, màá gé e lọ́wọ́. Ti Baaba ni."

"Òun alára ńkọ́, ṣé ó mọ̀?" Ekuwa bi í.

"Ọmọdé wo ni n óò máa ṣàlàyé fún? Mo máa ń tú òwú náà kí n tó bu oúnjẹ ẹ̀."

Mansa rẹ́rìn-ín títí. Ekuwa ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ooru ń mú òun, kí wọ́n máa lọ.

Baaba ò wá. Nígbà tó di ọ̀sán Sọ́ńdè tí wọ́n fẹ́ lọ wo eré orí ìtàgé tí Ekuwa fúnra rẹ̀ ti ní kí wọ́n jọ lọ wò, Ekuwa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun, pé bóyá etíkun ló yẹ kí wọ́n lọ.

"Bí Baaba bá débẹ̀ tí kò bá mi ńkọ́?" Araba bi í.

Ekuwa gbé àpò rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n ra kẹ́ńkẹ́, ìyẹn ẹ̀kọ àgbàdo kíkan, àti ẹja díndín dání, torí ẹnìkan kì í lọ wo eré lọ́wọ́ òfo lọ́dọ̀ wa ní Oguaa. Bí ìyà bá ń jẹ ẹni tó wà lórí ìtàgé, èrò á gbé oúnjẹ gòkè lọ bá a.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ọmọ òrukàn jáde, ó wọ àkísà. Baaba ni.

"Ọmọ mi nìyẹn!" Araba sọ fún ẹni tó jókòó tì í. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó múra bí obìnrin wọlé. Ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ó wé gèlè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí Araba ṣe máa ń wé e. Ó yọ ẹja onígi kan nínú ìkòkò, òwú pupa ń fì lára rẹ̀.

"Olówùú nìyí! Ọmọ òrukàn tó bá fọwọ́ kàn án, màá gé e lọ́wọ́!"

"Ìkà!" èrò pariwo. "Àjẹ́!"

Araba yíjú sí Ekuwa. "O ti wo eré yìí rí."

"Mo rò pé tẹ́ ẹ bá ríra... Araba, mi ò mọ bọ́rọ̀ òwú yẹn ṣe jẹ́ títí di àná."

"Àná lo ti mọ̀? Ṣebí a jọ wà pa pọ̀ láàárọ̀ yìí, o ò sì sọ fún mi."

Lórí ìtàgé, Baaba ń fi ẹkún kọrin. Àwọn èèyàn ń gbé búrẹ́dì àti kẹ́ńkẹ́ gòkè. Araba dìde. Mansa di aṣọ rẹ̀ mú, ó já a gbà. Ó mú ẹja tó tóbi jù nínú ohun tí wọ́n rà, ó gòkè, ó nà án sí Baaba.

Orin dá mọ́ Baaba lẹ́nu.

"Tìẹ ni, Baaba," ó ní. "Tìẹ ni tẹ́lẹ̀, látìgbà yẹn wá. Torí àwọn àbúrò ọkọ mi ni mo ṣe ń so òwú mọ́ ọn, kì í ṣe torí ìwọ."

Baaba fọwọ́ méjèèjì gba ẹja náà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Jẹ ẹ́! Jẹ ẹ́!" èrò ń pariwo.

Ó kọjú sí wọn, ó padà sínú eré rẹ̀. Ó gbé ẹja náà sókè, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń wá òwú lára rẹ̀. Gbogbo ilé eré bú sẹ́rìn-ín. Araba dúró lórí ìtàgé, epo ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.