Iyùn Tí Kápútẹ́nì Ń Mú Wálé

Òkúta ni àwọn ará ilé ń pè é, ẹ má sì dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé òkúta funfun tó ya ẹ̀ka bí igi gbígbẹ ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní sùúrù, tí ẹ jókòó tì í nínú yàrá tútù tí iná rẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀, ó sì ń na ọwọ́ tín-ín-rín jáde láti wá oúnjẹ. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Iyùn ni, kì í ṣe iyùn tí wọ́n ń sín sọ́rùn o. Iyùn ìsàlẹ̀ òkun ni, níbi tí oòrùn kì í dé, tí omi tutù bíi yìnyín.

Obìnrin tó ń tọ́jú wọn ni gbogbo ilé sọ ní Ìyá Olókùúta. Bí oòrùn bá ń mú gan-an níta, tí àwọn èèyàn ń fi ìwé fẹ́ ara wọn, súwẹ́tà méjì ni yóò wọ̀ lé ara wọn, yóò fi òróró pa ètè, yóò wá wọnú yàrá táńkì lọ. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ẹ̀gbẹ́ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó ti sú wọn. Wọ́n á ní kó bá àwọn kí òtútù.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá níbẹ̀: ó fẹ́ rí ọmọ. Kì í ṣe ọmọ tirẹ̀ o. Ó ti bí tirẹ̀, wọ́n ti ń bá a du rìmóòtù nílé. Ọmọ iyùn ló ń wá. Kò sí ẹni tó tíì mọ bí irú iyùn yìí ṣe ń bímọ, bí ọmọ rẹ̀ ṣe rí, tàbí bí yóò ṣe pẹ́ tó nínú omi kó tó rí ibi fìdí kalẹ̀. Bí èèyàn bá lè mọ̀ ọ́n, a lè tọ́ ọmọ wọn dàgbà nínú táńkì, ká sì kó wọn padà sínú òkun níbi tí àwọn ìyá wọn bá ti parun. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé Ìyá Olókùúta dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń mú iyùn wá fún un. Ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Kápútẹ́nì ọkọ̀ apẹja ni ẹ̀gbọ́n yìí, irú ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n ńlá lórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Òun ló kúrò níléèwé kí àbúrò lè máa lọ, kò sì fi í yangàn rí. Ohun tó kàn ń dùn ún ni pé kò mọ ohun tí òun lè fún ẹni tó mọ̀wé tó báyìí. Aṣọ tó bá rà, kì í bá a mu. Ẹja tó bá gbé wá, ọkọ àbúrò kì í jẹ ẹja. Ọkùnrin náà á dúró ní pálọ̀ pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣìlé.

Ní ọjọ́ kan ló wá rí nǹkan funfun kan tó kọ́ àwọ̀n, tó ṣì ń mí. Ó rántí pé àbúrò òun ń sọ̀rọ̀ irú rẹ̀ ṣáá. Ó gbé e sínú bákẹ́ẹ̀tì omi òkun, ó da yìnyín ẹja sí i, ó gbé e wá. Nígbà tí Ìyá Olókùúta ṣí bákẹ́ẹ̀tì, igbe ló fi bọnu. Ó ju báàgì rẹ̀ nù, ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn débi pé fìlà já bọ́ lórí rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi! Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́?"

Kápútẹ́nì kò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú àbúrò òun, òun ló sì fà á. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrìnàjò tó lọ tí kì í gbé bákẹ́ẹ̀tì kan bọ̀.

"Níbo lẹ ti rí tòní?" àbúrò á béèrè.

"Ibẹ̀ náà ni. Òkè kan báyìí tó wà nísàlẹ̀ omi."

Inú àbúrò á tún dùn, nítorí iṣẹ́ ìwádìí fẹ́ràn ibì kan náà. Kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn tó máa ń wádìí ọ̀nà tí ẹ̀bùn gbà wá?

Iyùn yìí ní akọ, ó ní abo, igi kan kì í sì í ṣe méjèèjì pọ̀. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ yóò gé orí ẹ̀ka kan, yóò rẹ ẹ́ sínú ásíìdì títí òkúta ara rẹ̀ yóò fi yọ́ dànù tí yóò ku ẹran inú rẹ̀. Yóò wá rì í sínú ìda, yóò gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò pa á láró, yóò tó gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Orí tí wọ́n bá gé, ó kú nìyẹn. Ìdí nìyí tí Ìyá Olókùúta kò fi tètè fi abẹ kàn wọ́n. Ó fún wọn lóúnjẹ, ó ní sùúrù, ó jẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀ kí wọ́n sì sanra. Nígbà tó rí i pé ara wọn ti dá ṣáṣá nìkan ló tó gbà kí wọ́n gé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lára wọn.

Ọkùnrin tó ń bá a gé e, tí wọ́n ń pè ní Alábẹ, ló kọ́kọ́ fojú sí máíkírósíkóòpù.

"Abo," ó ní.

Èyí tó tẹ̀ lé e, abo. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, abo. Alábẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ìyá Olókùúta, àbí ilé ìwé àwọn obìnrin lẹ dá sílẹ̀ síbí ni?"

Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo àwọn tó kù. Ẹyin ló wà nínú gbogbo wọn, ẹyin tó ti gbó, tó kún inú wọn fọ́fọ́, tó ku díẹ̀ kí wọ́n tú u sómi. Kò sí akọ kankan tí yóò sọ ẹyin náà dọmọ. Ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu wọn.

Ìyá Olókùúta jókòó, ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Nígbà tó yá, ó dìde lọ síbi pẹpẹ. Gbogbo iyùn tí Kápútẹ́nì gbé wá ló ní ìdí kan tó ti kú, òkúta gbígbẹ ibi tó ti kán. Ìyá Olókùúta máa ń fi ayùn rẹ́ ìdí yìí kúrò, á kó o sórí pẹpẹ. Ó kó gbogbo wọn sórí tábìlì báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n mọ́ra wọn bí ẹni ń to àwo tó fọ́. Eléyìí wọnú tọ̀hún. Tọ̀hún bá ẹ̀gbẹ́ eléyìí mu rẹ́gí. Alábẹ fi abẹ sílẹ̀, ó sún mọ́ tábìlì. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, ìdí igi kan ṣoṣo ló dúró lórí tábìlì, ó ga tó àga ọmọdé.

"Ẹyọ kan ni," Ìyá Olókùúta ní. "Gbogbo èyí tó wà nínú táńkì, abo kan ṣoṣo ni. Ara rẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Ìgbà wo ni yóò tú ẹyin náà?"

"Kò ní í pẹ́ mọ́."

Ó pe gbogbo ẹni tó mọ̀ nídìí iṣẹ́ wọn, ó ń wá akọ. Àwọn tó ní iyùn, irú tiwọn yàtọ̀. Àwọn tó ní ọkọ̀ ìwádìí, ọkọ̀ wọn wà lórí ìdúró, wọ́n ń tún un ṣe. Bó ṣe gbé báàgì nìyẹn tó gba èbúté lọ.

Kápútẹ́nì jókòó sórí kíréètì tó dorí kodò, ó ń rán àwọ̀n. Bó ṣe rí àbúrò rẹ̀, ó ti ń wá ibi tí yóò jókòó sí fún un.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín."

"Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ìwọ pàṣẹ."

"Ẹ bá mi padà sórí òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ka kékeré kan ni mo fẹ́, àmọ́ lára igi mìíràn, èyí tó jìnnà díẹ̀ síbi tí ẹ ti ń mú tàtẹ̀yìnwá."

Kápútẹ́nì fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n họ orí. Ojú ń tì í.

"Àbúrò mi, ó ti tán."

"Kí ló tán?"

"Òkè yẹn. Ṣé o rí i, àwọn kápútẹ́nì yòókù kì í débẹ̀ rárá, torí ó máa ń fa àwọ̀n ya. Èmi náà kì í débẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe ló gbé mi débẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tí mo wá rí bí inú ẹ ṣe dùn, mo ní kí ni àwọ̀n gan-an, ṣebí ó ṣeé rán. Bí mo bá ti ń bọ̀ báyìí, mo máa ń yà síbẹ̀, màá wọ́ àwọ̀n lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí tìẹ. Ìyókù tó bá kọ́ àwọ̀n ti máa ń run wómúwómú, a máa ń gbá a padà sómi ni. Àmọ́ ìgbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, àwọ̀n kọjá geere bí ìgbà téèyàn ń wọ́ ẹní lórí símẹ́ńtì. Kò kọ́ nǹkan kan." Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Má bínú sí mi. Màá wá òmíràn fún ẹ níbòmíì, o gbọ́?"

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Wọn kò sọ fún wa ohun tí a ó ṣe bó bá jẹ́ pé ìdùnnú ni òkò tí èèyàn sọ. Igbe ayọ̀ tí Ìyá Olókùúta ké lọ́jọ́ kìíní, ìdìmọ́ tó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn, òun ló rán àwọ̀n lọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe kí irú òkè bẹ́ẹ̀ má baà parun ló pa á run. Bí ó bá bínú, ta ni yóò bínú sí? Bí ó bá sọ òtítọ́, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó wo àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí okùn àwọ̀n ti họ bó, apá rẹ̀ kò ká ọ̀rọ̀ náà.

"Kò burú, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ṣeun."

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tẹ́ Kápútẹ́nì lọ́rùn. Nígbà tí ọkọ̀ wọn sinmi, ó gba ibi iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ lọ láti lọ wo ohun tó ń ṣe é. Kò wọ yàrá náà rí. Alábẹ yá a ní súwẹ́tà kan tí kò kọjá ìdodo rẹ̀, ó sì ń gbọ̀n rìrì bó ṣe ń wọlé. Ọjọ́ náà gan-an ni iyùn yàn láti tú ẹyin rẹ̀.

Alábẹ ti tan iná pupa sí ẹ̀yìn dígí. Láti ẹnu orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ẹyin ń jáde, ó kéré, ó pupa rúsúrúsú, ó ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan nínú omi títí táńkì fi kún. Ìyá Olókùúta dúró, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ti ń retí ohun tó ń rí yìí láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó sì mọ̀ pé nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ lọ́la, ẹyin náà á ti máa túká, nítorí kò sí akọ.

"Yéè!" Kápútẹ́nì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan dígí. "Àwọn ọmọ nìyí? Àwọn òkúta tí mo gbé wá?"

"Àwọn ni," àbúrò rẹ̀ ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Èmi náà mà ṣe nǹkan láyé yìí o!" Ó ti fa fóònù yọ, ó ti tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Màámi! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́! Òkúta ti bímọ o!"

Ẹ̀rín ìyá wọn gba inú yàrá náà kan. "Háà! Ẹ kú ewu ọmọ o! Mélòó ni wọ́n?"

"Wọn ò lóǹkà, Màámi!"

"Wọ́n á dàgbà, wọ́n á dogbó. Ẹ bá mi kí bàbá wọn o!"

"Ó ti ń gbọ́ yín!" Kápútẹ́nì ń rẹ́rìn-ín, ó ń lọ láti iwájú dígí kan sí òmíràn, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àbúrò mi, èwo gan-an ni bàbá wọn nínú gbogbo àwọn yìí?"

Alábẹ dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Olókùúta gbé ọwọ́ sókè kó nawọ́ sí ọ̀kan, èyíkéyìí, kí ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Ọwọ́ náà dé ààrin ẹ̀ka méjì, ó dúró. Kò lè nà án.

Kápútẹ́nì wo ọwọ́ yẹn. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó wá rí ìdí igi tó dúró lórí tábìlì, gbogbo ojú ibi tó ti kán, tí wọ́n tò padà mọ́ra. Ẹni tó ti ń rán àwọ̀n láti kékeré, kò sí ẹni tó máa kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tó ya.

"Ẹyọ kan ni gbogbo wọn," ó ní.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Bàbá wọn wà lórí òkè tí mo wọ́ yẹn."

Ẹkún ti gba Ìyá Olókùúta lẹ́nu, ó sì di apá súwẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ẹyin ń gòkè ṣáá lẹ́yìn wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò gbọ́ mi mọ́ ni?" ìyá wọn ń pariwo nínú fóònù. "Mo ní ẹ bá mi kí bàbá wọn!"

Kápútẹ́nì ṣí fìlà lórí.

"A gbọ́ yín, Màámi," ó ní. "A ó bá yín kí i."