Rọ́bà Tí Mo Fi Di Ẹsẹ̀ Ọmọ

Èmi tí ẹ ń wò yìí, káfíńtà ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́nu ẹ̀. Ìwé tí mo kà ò ju kí n mọ nọ́ńbà orí tépù lọ. Tí mo bá lẹ ẹsẹ̀ àga, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń dì í. Màá fà á títí gọ́ọ̀mù á fi máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ọjọ́ tí mọ́tò gbá ọmọ ọmọ mi, aago kan ọ̀sán ni, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Ọmọ ọdún méje ni, Ìyá Ẹjọ́ la ń pè é, torí kò sẹ́ni tí kì í fi sùn. Ó ń sáré bọ̀ láti ilé-ìwé kó wá fi ọmọ kíláàsì ẹ̀ kan sùn mí ni. Mo kàn gbọ́ gbàà! Nígbà tí mo máa fi jáde, ó ti wà nílẹ̀, ojúgun ọ̀tún ti kán, ó tẹ̀ síbi tí ojúgun kì í tẹ̀ sí.

Orí mi ní iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyí. Mo fi pákó pẹlẹbẹ méjì há ẹsẹ̀ náà láàárín, mo fa rọ́bà, mo dì í pinpin.

"Bàbá àgbà, ó ti le jù!"

"Kó le ló dáa, ìyá mi. Kó má baà mì."

Ẹni tó gbá a ò lè wa mọ́tò mọ́, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mọ́tò oníbúrẹ́dì ló gbé wa, sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Lọ́nà, ọmọ ní ẹsẹ̀ ń ta òun. Nígbà tó yá, ó ní kò dun òun mọ́. Inú mi dùn! Àgbà òṣì. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ti ń jẹ́.

Ọsibítù kún fọ́fọ́. Ìyá ẹ̀, ọmọbìnrin mi, bá wa níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Aago mẹ́rin ku díẹ̀ kí dókítà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ ti ń tòògbé. Dókítà gé rọ́bà, ó fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, ojú ẹ̀ yí padà. Ẹsẹ̀ ti funfun, ó tutù bí omi àmù.

"Ta ló dì í báyìí?"

Ọmọ mi, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo dì í, ní, "Àwọn èrò ọ̀nà ni, sà. Ọlọ́run á bá wa san án fún wọn."

"Láti ìgbà wo?"

Wọ́n wojú mi. Ẹnu mi ṣáájú mi: "Kò tíì ju wákàtí kan lọ."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi ká sáré la ẹran ẹsẹ̀ yìí, ká má baà gé gbogbo ẹ̀ dànù." Ó ní kí wọ́n gbé e lọ ya fọ́tò egungun ná, ó bá kọjú sí aláìsàn mìíràn.

Ìlà wà níbi fọ́tò. Èèyàn mẹ́fà ló wà níwájú ẹ̀. Mo kà wọ́n, mo tún wọn kà. Ẹnì kan wọlé, ó ku márùn-ún. Tí mo bá sọ, ọmọ mi á mọ̀ pé èmi ni. Tí mi ò bá sọ ńkọ́? Orúnkún mi ò gba eré mọ́, àmọ́ mo sáré lọ́jọ́ yẹn.

"Dókítà, irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo dì í. Láti aago kan ni."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó figbe pe nọ́ọ̀sì, wọ́n sáré ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ kọjá lára mi, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ fọ́tò.

Ọmọ mi wá dúró níwájú mi. "Bàbá mi, ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

"Ẹ wá jẹ́ kí n máa ṣàdúrà fún èrò ọ̀nà?"

Ó lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kejì.

Ó tó wákàtí méjì kí nọ́ọ̀sì tó jáde. Ó ní ẹsẹ̀ ti ń gbóná, wọn ò ní gé e. Àtàǹpàkò ẹ̀ ń mira. Ìka mẹ́rin tó kù, ó ní ká ṣì máa wò ó.

Ọdún kẹta rèé, a ṣì ń wò ó. Ọmọ ń rìn, ó ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ jà, àmọ́ iwájú ẹsẹ̀ yẹn kì í gbéra sókè dáadáa, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló ṣe é, mo máa ń ní mọ́tò ló gbá a. Ìyá ẹ̀ á gbójú sókè wò mí. Màá wá sọ ti rọ́bà tèmi mọ́ ọn.