Apá Òsì Ọkọ̀

Inú ti ń bí Ìyá Òwú láti àná, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣílẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láàárọ̀ tó rí ohun tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ìbínú àná di eré ọmọdé. Àwọn kan ti wá síbẹ̀ lẹ́yìn tó lọ sílé. Wọ́n ti ha gbogbo amọ̀ tó fi dí apá òsì ọkọ̀ náà dànù. Wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù funfun kan báyìí, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ táìlì ilé ìwẹ̀, dí àárín àwọn pákó láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n sì kun ọ̀dà búlúù lé e lórí. Ọ̀dà ọ̀hún ń dán yanran.

"Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ mi?" ló bi ṣẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Ìbéèrè lásán ni. Ó kúkú mọ ẹni tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ obìnrin yìí fún yín, kí ẹ lè bá a bínú dáadáa. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń dí ọkọ̀. Bí àwọn kápẹ́ńtà bá ti kan ọkọ̀ tán, òun lá fi òwú dí àárín pákó kan sí èkejì kí omi má baà wọlé. Á lọ́ òwú, á rì í sínú òróró àti oje igi, á wá fi ṣísù àti òòlù onígi gbá a wọlé títí tí òwú á fi le koránkorán. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún nìkan ló ń dí. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ náà sì ṣe ṣe é nìyẹn. Amọ̀ ni wọ́n ń fi sí apá òsì, amọ̀ tí kò lè lò ju ọjọ́ kan lọ nínú omi. Wọ́n á wá gbé ọkọ̀ náà sọdá òkun lọ sí orílẹ̀-èdè kejì, ìrìn wákàtí mẹ́fà bí afẹ́fẹ́ bá dára, kí àwọn ẹbí wọn tó wà lọ́hùn-ún lè fi òwú dí apá òsì. Ọkọ̀ tí àwọn tọ̀hún bá kàn, wọ́n á dí òsì, wọ́n á fi amọ̀ sí ọ̀tún, wọ́n á gbé e wá síbí.

Ìjà ló fà á. Láyé ìgbà kan, etíkun méjèèjì ń jí ọkọ̀ ara wọn, wọ́n sì ń dáná sun èyí tí wọn ò lè jí, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú àwọn obìnrin tó ń dí ọkọ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí fẹnu kò pé láti ọjọ́ náà lọ, etíkun kankan ò ní dá ọkọ̀ parí mọ́ láìjẹ́ pé èkejì fọwọ́ sí i. Ìjà parí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ara wọn. Orúkọ tí wọ́n ń pe òòlù níbí náà ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, orin kan náà ni wọ́n sì fi ń gbá òwú wọlé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù lọ́hùn-ún báyìí tó mọ òsì dí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Ìyá Òwú, bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Alòsì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí òun àti Ìyá Òwú ti fojú kanra, láti ìgbà tí àwọn ìjọba méjèèjì ti ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọdá láìní físà. Nítorí náà, nígbà tí ọ́fíìsì àṣà wá sọ pé àwọn fẹ́ ọkọ̀ kan fún Ọ̀sẹ̀ Ìbáṣepọ̀ Orílẹ̀-èdè Méjèèjì, ohun kan péré ni Ìyá Òwú béèrè. Kí wọ́n mú Alòsì wá. Kó wá fi ojú díẹ̀ tó kù fún un dí òsì, kí wọ́n sì jọ jẹun lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọ̀kan nínú wọn tó kú. Akọ̀wé ọ́fíìsì náà, obìnrin kan tí fáìlì kì í kúrò lábíyá rẹ̀ tí Ìyá Òwú fi ń pè é ní Màdáámù Fáìlì, ní kò sí wàhálà rárá.

Wàhálà wá dé lánàá. Ìjọba tibí ò fún Alòsì ní físà. Bàbá náà ní kí wọ́n fi fóònù ya ìwé tí wọ́n kọ sí òun, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìyá Òwú, ọmọ Ìyá Òwú sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìyá Òwú kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì lè jẹun.

Ní aago mẹ́sàn-án, Màdáámù Fáìlì wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ káàárọ̀, Mama. Ẹ ti rí i? Ó ti wá dùn ún wò."

"Ìwọ lo ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni, Mà. Ẹrẹ̀ ló kún ara ẹ̀. Mínísítà ò lè wọ ọkọ̀ ẹlẹ́rẹ̀."

"Ẹrẹ̀." Ìyá Òwú fi ìka ha gọ́ọ̀mù náà, ó ń jábọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ohun tó o pè lẹ́rẹ̀ yẹn, òun ni kò jẹ́ ká jagun láti bí igba ọdún. O wá fi gọ́ọ̀mù ilé ìwẹ̀ rọ́pò ẹ̀."

"Mama, ẹ má bínú. Wọn ò fún bàbá yẹn ní físà, kí la wá fẹ́ ṣe? Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n dí. Ẹ bá wa fi òwú dí òsì náà, kí gbogbo wa sinmi."

"Ṣé o lọ́kọ?"

"Mo ní, Mà."

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣègbéyàwó, ká ní kò wá ńkọ́? Ṣé wàá bá a dáhùn 'bẹ́ẹ̀ ni' tiẹ̀ mọ́ tìẹ, kí gbogbo wa sinmi?"

Màdáámù Fáìlì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ó fa bébà kan yọ nínú fáìlì. "Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa kà lọ́la nìyí, Mà. A ti bá yín kọ ọ́. 'Òkun kò yà wá, òkun ló so wá pọ̀.' Ó dáa, àbí?"

"Mo máa kàwé lọ́la," ni Ìyá Òwú wí. Ó ká bébà náà sápò.

Ọmọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akérò ní èbúté, gba ààyè níbi iṣẹ́ wá bá a. Gbogbo ọjọ́ náà ni wọ́n fi ha gọ́ọ̀mù. Ìyá Òwú ń ha, ó ń ṣépè. Ó ṣépè fún gọ́ọ̀mù, ó ṣépè fún ọ̀dà, ó ṣépè fún ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan físà. Wọ́n po amọ̀ tuntun, wọ́n sì dí òsì padà bó ṣe yẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ní aago mọ́kànlá, ọkọ̀ ti wà lómi nídìí àtẹ̀gùn èbúté, wọ́n so okùn rẹ̀ mọ́ òpó. Èrò ti jókòó lábẹ́ kánópì. Mínísítà sọ̀rọ̀ títí, ó ní "ẹbí kan ni wá" lẹ́ẹ̀meje, ọmọ Ìyá Òwú ló kà á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mínísítà ni aṣojú orílẹ̀-èdè kejì jókòó sí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gbójú kúrò lára ọkọ̀ náà. Wọ́n pe Ìyá Òwú. Ó dé ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó tọwọ́ bàpò, ó fi bébà Màdáámù Fáìlì sílẹ̀ síbẹ̀, ó mú ìwé tí wọ́n kọ sí Alòsì jáde. Ó kà á ketekete, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

"'Olùbéèrè ọ̀wọ́n, inú wa dùn pé ẹ fẹ́ ṣàbẹ̀wò sí orílẹ̀-èdè wa tó kún fún ọ̀yàyà. A ti fara balẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yín yẹ̀ wò. A kò rí ẹ̀rí kankan pé ẹ ní ìbátan ní orílẹ̀-èdè yìí. A kò sì rí ìdí gúnmọ́ tí ẹ fi fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ kò lè pe ẹjọ́ lórí ìpinnu yìí. A kí yín tayọ̀tayọ̀.'"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mínísítà ló bẹ̀rẹ̀, gbogbo kánópì sì gbà á. Àwọn mìíràn dìde. Ohun tó kà ò yé wọn rárá, torí ohùn kan náà ni ìjọba fi ń kọ gbogbo ìwé wọn, èyí tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní ẹbí àti èyí tí wọ́n fi ń lé ọ padà. Aṣojú nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Ojú Ìyá Òwú pọ́n. Ó ti rò pé ojú á tì wọ́n. Ó sọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó wọnú ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó ń tú ìgbòkun.

Màdáámù Fáìlì sáré tẹ̀ lé wọn. "Mama, mínísítà ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Níbo lẹ ń lọ?"

"Wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí. Mo ń lọ mú un wá."

"Ẹ ò tiẹ̀ ní físà tọ̀hún."

"Ẹni tó ń fúnni ní tọ̀hún ló wà lẹ́yìn ẹ yẹn. Kó dá mi dúró."

Màdáámù Fáìlì bojú wẹ̀yìn, ó rí aṣojú tó ń bọ̀, ó tún wo ọkọ̀, ó wo òsì rẹ̀ níbi tí omi ti ń lá amọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mama, amọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó lè gbé yín débẹ̀ o, àmọ́ kò lè gbé yín padà, àfi tí bàbá yẹn bá dí i."

"Ẹ̀yin èèyàn yìí," ni Ìyá Òwú wí. "Ó ti wá yé ọ báyìí."

Aṣojú ti sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn. Omi ti wọ bàtà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí òpó, ó sì tú okùn.