Bánjò Ìyèbíyè

Ọdún kan gbáko ni Fọlọ́runṣọ́ kò fi sunkún. Kì í ṣe pé ó ń ṣe ọkùnrin o. Ẹkún ni kò wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Ìyèbíyè, ìyàwó rẹ̀, ó dúró gbọnyin lẹ́nu sàréè nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, àwọn ará ìjọ sì ń sọ pé, "Daddy yìí lọ́kàn o!" Ọkàn wo? Ara rẹ̀ dàbí apá tí èèyàn sùn lé lórí tó sì kú. Ó ń lọ gbálẹ̀ stéṣọ̀n ọkọ̀ ojú irin ní Woolwich Dockyard, nílùú òyìnbó, ó ń padà wálé sí Yarnton Way, ó ń jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀. Kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà mọ́.

Ìyèbíyè ló gbé ọ̀rọ̀ bánjò, ohun èlò orin olókùn tó jọ gìtá, wọlé. Bàbá òyìnbó kan wà lórí Shooters Hill tó ń tọ́jú, Mr Amos. Bó bá ti po tíì fún bàbá náà tán, bàbá á gbé bánjò lé itan, á máa ta orin àtijọ́ àwọn ará orí òkè Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní bluegrass. Ìyèbíyè, Aládùúrà paraku, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní àwọn tó kọ orin yìí mọ ohun tí ìyà ń jẹ́. Láti ọjọ́ náà, orin yẹn ni wọ́n ń gbọ́ nílé bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà.

"Daddy, ṣebí káfíńtà ni yín n'Íjẹ̀bú. Ẹ ṣe ọ̀kan fún mi kí n máa ta á."

"Màá ṣe é."

Ọdún mẹ́rin ló fi sọ "màá ṣe é". Ikú kì í dúró de onífàálẹ̀.

Ní báyìí, ó fẹ́ kí bánjò náà dún ní Sunday, níbi ìsìn ìrántí ọdún kan. Orin kan péré, kí ìlérí tó ṣe fún olóògbé má di irọ́. Ó ti fi ẹsẹ̀ tábìlì gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Ó ti ra wáyà márààrún. Igi róbótó ara asẹ́ ògbólógbòó ló fi ṣe ikùn rẹ̀. Awọ tó máa fi bo ojú ikùn náà ló kù. Ó bẹ Ikram alápatà pé kó bá òun fi awọ ewúrẹ́ sílẹ̀, kó má fi iná ra á. Nígbà tó gbà á, ó fi abẹ fá irun awọ náà títí ó fi mọ́, ó rẹ ẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní bathroom, ó ní bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé ní Thursday, òun á fà á le.

Nígbà tó dé lọ́sàn-án Thursday, ọbẹ̀ ń ta sánsán. Auntie Bíyìí, ẹ̀gbọ́n Ìyèbíyè, tó ti Leeds wá fún ìrántí náà, ti gbàjọba ní kíṣìnnì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àna mi. Ẹ jókòó, ẹ jẹun."

Ó jókòó, ó ń jẹ.

"Pọ̀nmọ́ yẹn fẹ́lẹ́ díẹ̀," ni Auntie wí, "ṣùgbọ́n ẹ rẹ ẹ́ dáadáa. Mo kàn gé e ni, mo dà á síná."

Fọlọ́runṣọ́ gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. "Auntie, bánjò lẹ sè yẹn."

Nígbà tó ṣàlàyé tán, Auntie káwọ́ lérí. "Yéè, mo gbé! Ta ló máa rí awọ tí wọ́n fá tí wọ́n rẹ sómi nílé Yorùbá, tí kò ní mọ̀ pé pọ̀nmọ́ ni?"

Òótọ́ sì ni. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọbẹ̀ ìbá ti jinná kí n tó bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Inú kò bí Fọlọ́runṣọ́. Èyí gan-an ló bà á lẹ́rù. Ó jẹ pọ̀nmọ́ náà tán, ó fọ abọ́.

Ikram ní ó di Monday, lẹ́yìn ìsìn, kí òun tó tún rí ewúrẹ́. Auntie, tí ẹ̀rí ọkàn ń dà láàmú, wá ń wo gbogbo ilé kiri. Ó nawọ́ sókè wọ́dúróòbù. "Agolo bisikíìtì yẹn ńkọ́? Ó ṣáà rí róbótó."

Agolo àdúrà Ìyèbíyè ni. Fọlọ́runṣọ́ ti mọ̀ tipẹ́ pé agolo ṣeé fi ṣe bánjò láìlo awọ. Mr Amos ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyèbíyè rí. Kó má baà ṣí agolo náà ló ṣe lọ ń dààmú awọ ewúrẹ́ kiri.

"Ẹ ṣí i," ni Auntie wí jẹ́jẹ́.

Ó ṣí i. Àjókù àbẹ́là ló kún ibẹ̀, èyí tí Ìyèbíyè fi ń gbàdúrà aago méjìlá ọ̀sán. Ó fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó kọ ẹ̀bẹ̀ sí i lára. Gbogbo ọdún tó fi ṣàìsàn ló wà níbẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ ń tú wọn, ó ń kà wọ́n sókè, ó ń wá èyí tí Ìyèbíyè fi bẹ Ọlọ́run fún ara tirẹ̀. Kò rí i. Ẹ̀yìn Fọlọ́runṣọ́ tó ń ro ó. Iṣẹ́ òru Fọlọ́runṣọ́. Orúnkún Auntie Bíyìí. Auntie gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn kò tíì jó dé ìdajì. Ohun tó kọ sí i ni pé: "Bàbá, ẹ bá mi ràn án lọ́wọ́ kó parí bánjò, kó lè rí nǹkan dì mú tí mo bá lọ."

Fọlọ́runṣọ́ gbé àbẹ́là náà sórí sọ́sà, ó tan án. Ó dojú agolo dé, ó mú ìṣó àti òòlù láti dá ihò tí ọrùn máa gbà wọlé. Ó lu ú lẹ́ẹ̀kan. Agolo dún. Ó gbọ́ ọ, ẹkún sì dé, ó tú jáde lójú, nímú, lẹ́nu, bíi ti ọmọ tó sọnù lọ́jà. Ó dùn ún wọ eegun. Síbẹ̀ ó ń lu ìṣó.

Auntie fẹ́ gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó tó, àna mi. Ẹ sinmi ná."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n parí rẹ̀, Auntie," ló wí. "Àbẹ́là rẹ̀ ò ní pẹ́ tán."